Fèrè Tí Kò Dún ní Igbó Ẹlẹ́fọ̀n

Ẹ̀yin àgbà tó fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ̀yin ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí etí yín ń yún yín, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Èmi Ọdẹ́léye nìyí, ọmọ Òkè-Agbọ̀nrín, ìlú tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ọdẹ ní ìdúró kí wọ́n tó kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn. Ẹni tí oorun ń kùn kó ti lọ sùn, nítorí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá mi sì wà nínú rẹ̀.

Ẹfọ̀n kan ló dí ọ̀nà odò mọ́ wa lọ́dún náà. Ó kan obìnrin mẹ́fà pa tìkòkò-tìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni kì í pa wọ́n láìkọ́kọ́ kí wọn pé ẹ kú òǹgbẹ. Nígbà tí ètè gbogbo ìlú gbẹ tán, Ògúnrìndé, Olúọ́dẹ wa, kó àwa ọdẹ méjìlá jọ, a yí igbó Ẹlẹ́fọ̀n ká ní kùtùkùtù, ó sì kígbe òfin ẹgbẹ́ wa: "Kí ẹnikẹ́ni má ṣí ẹsẹ̀ kúrò ní ibùba rẹ̀ títí n ó fi fọn fèrè! Kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀yìn! Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ló ń ṣọ́ ọ!" Òfin tó dára ni, nítorí àlàfo tí ọdẹ bá fi sílẹ̀ ni ẹran ń gbà pani. Àbúrò mi, Ọdẹ́tọ́lá, dúró lọ́wọ́ ọ̀tún mi, èmi ni mo sì ń ṣọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

Òòrùn gòkè, fèrè kò dún. Mo gbọ́ igbe kan lókèèrè, bí ìgbà tí wọ́n ń dúńbú ewúrẹ́. Láìpẹ́, òmíràn, ó ti sún mọ́ wa.

Ọdẹ́tọ́lá ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́?"

Mo ní: "Panu mọ́. Fèrè kò tíì dún."

Ni ọ̀kẹ́rẹ́ kan bá bú sẹ́rìn-ín lókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú ọdẹ dá, nítorí náà kò bẹ̀rù mi rárá. Ó ní: "Ọdẹ́léye, ẹ kú ìdúró o. Ẹni tí yóò fọn fèrè ti kú láti àárọ̀. Gbogbo òfin tó kígbe ni ẹfọ̀n gbọ́. Olúọ́dẹ yín ló kọ́kọ́ pa, ó wá ń yí igbó po, ó ń pa yín lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí ẹ dúró sí. Ó ti pa mẹ́ta."

Orí mi dàrú. Bí mo bá dúró, ikú ni. Bí mo bá ṣí ẹsẹ̀, wọn a fọ́ ìbọn mi lójú ọjà, wọn a sì lé mi kúrò nínú ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ṣí ẹsẹ̀ láti lọ wá fèrè náà. Ojú sì ń tì mí, ẹ gbọ́ o, ojú ń tì mí kí àbúrò mi mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ń rú òfin, mo bá purọ́ fún un. Mo ní: "Mo wà níbí o. Dúró gangan, má wẹ̀yìn."

Ó ní: "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo bá Olúọ́dẹ nílẹ̀ gbalaja, ìfun rẹ̀ ti wọ́ kọjá igi méjì, ó ṣì di fèrè mú típẹ́típẹ́. Ìka rẹ̀ ni mo ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó rí i gbà. Fèrè tó jẹ́ èèwọ̀ fún ẹnu ẹlòmíràn, mo fi í sẹ́nu tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, mo fọn ọ́n títí igbó fi mì, àwọn ọdẹ tó kù sì ya wọlé tìbọn-tàdá. Ká ní n kò fọn ọ́n, kì bá tí ṣẹ́ ku ẹnì kan nínú wa.

Ṣùgbọ́n kí fèrè náà tó dún, ẹfọ̀n ti gba àlàfo mi kọjá. Nígbà tí mo sáré padà, orí ìwo rẹ̀ ni mo bá Ọdẹ́tọ́lá. Ìwo gba ẹ̀yìn wọlé, ó gba àyà jáde. Kò wẹ̀yìn, nítorí mo ní kó má wẹ̀yìn.

Ẹfọ̀n ní: "Ẹ kú ọ̀sán, Ọdẹ́léye. Àyè tí ẹ fi sílẹ̀ ni mo gbà. Ẹ ṣeun."

Mo yìnbọn lù ú lójú, ojú náà fọ́, síbẹ̀ ó ń bọ̀ tòun tàbúrò mi lórí. Àwọn ẹgbẹ́ mi gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, ó wó lulẹ̀, mo wá ń ṣá a lọ́rùn, mo ń sunkún, mo ń ṣá a, títí àdá fi tẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń hó lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ ìkẹyìn: "Fèrè ló pa èmi. Irọ́ ló pa àbúrò rẹ."

Ìlú mu omi lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ ọdẹ ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ mi; àwọn kan ní kí wọ́n lé mi, àwọn kan ní kí wọ́n fi mí jẹ Olúọ́dẹ. Ìyá mi kò dá sí èyíkéyìí. Ó kàn bi mí pé: "Ọdẹ́léye, nígbà tí ìwọ ń rú òfin, kí ló dé tí o fi ní kí àbúrò rẹ pa á mọ́?"

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá bi mí bóyá àìgbọràn ń tún ìlú ṣe tàbí ó ń bà á jẹ́, n ó ní omi tí ẹ ń mu yìí, àìgbọràn ló fún yín. Sàréè tó wà lẹ́yìnkùlé wa, àìgbọràn náà ló gbẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rú òfin tó ti di ikú, kó pariwo rẹ̀ kí ẹnìkejì rẹ̀ gbọ́, kó má ṣe dá nìkan gbọ́n.

Èmi ni Olúọ́dẹ lónìí. Òfin ìdúró ṣì wà, ṣùgbọ́n bí òòrùn bá kan àtàrí tí fèrè kò dún, a ó máa pe orúkọ ara wa láti ibùba dé ibùba. Bí wọ́n bá pè é dé ibi tí Ọdẹ́tọ́lá dúró sí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè, èmi tí mo dúró níbẹ̀ ni mo sì ń dáhùn pé: "Mo wà níbí o."

Ẹnu mi ti gbẹ. Ẹ bu omi odò yẹn fún mi kí n mu, kí kálukú wá máa relé rẹ̀. Ilé yín kò ní dahoro o.