Àpò Àkísà Bàbá Fátóyìnbó

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Ẹ ti gbọ́ òwe yìí títí etí yín fi fẹ́ di. Ṣùgbọ́n ta ló mọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú yín? Ẹ má wulẹ̀ nawọ́. Ara alùpùpù ló ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán.

Ní abúlé Ìdí-Àràbà, bí òjò bá ti dé, odò a bo gbogbo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbádébọ̀ bá gbé alùpùpù rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ilé. Kó má baà dípẹtà, ó fi epo pupa kùn ún látòkè délẹ̀, bí ẹni ń fi àdín pa ọmọ tuntun lára. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, tó ká tapólì tó fi bò ó kúrò, yéè! Epo ti dì, eruku ti mu ún, ìyẹ́ adìyẹ ti lẹ̀ mọ́ ọn bí aṣọ eégún. Èèrà ìlú méje ló ń ṣèpàdé lórí ìjókòó rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni bàbá Ìbíyẹmí, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní kó wá fojú hàn. Bàbá náà ti búra pé òun ò ní í fọmọ fún ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn wá.

Gbádébọ̀ láṣọ o! Àpótí aṣọ rẹ̀ wúwo débi pé ilẹ̀ yàrá jìn. Ó fa léèsì yọ láti fi nu alùpùpù náà, epo ń gba ojú ihò rẹ̀ kọjá. Ó fa ṣòkòtò tẹ́rílìn yọ, epo kàn ń yọ̀ lórí ẹ̀ ni. Ló bá sáré tọ Bàbá Fátóyìnbó lọ, arúgbó tó ń dá gbé nítòsí, tí Gbádébọ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé aṣọ òun ti ju tiwọn lọ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá àkísà."

"Ìwọ aláṣọ ńlá! Èmi oníbùbá kan lo wá ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀?" Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n wọ́ àpò kan jáde, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu alùpùpù.

"Ṣòkòtò Sànúsí ọ̀rẹ́ mi nìyí. Òun nìkan ló ń pa mí láyò kó tó kú." Owú rẹ̀ ti rọ̀ fún àfọ̀túnfọ̀, ó ń fa epo mu bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ṣe ń fa omi.

"Ta ló wá ń bá yín tayò báyìí?"

"Ọwọ́ ọ̀tún mi ló ń bá òsì ta á. Òsì máa ń rẹ́ ẹ jẹ."

Wọ́n fa òmíràn yọ. "Aṣọ iléèwé Akínbọ̀dé ọmọ mi. Ó wà lókè òkun."

"Ṣé ó máa wálé lọ́dún yìí?"

Bàbá ń nu táyà lọ.

Ó wá ku iná iwájú, ó sì ku àkísà kan ṣoṣo: àdìrẹ Àwẹ̀ró, ìyàwó wọn tó ti dolóògbé. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ mọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká finá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kí àna rẹ fi rí ìdọ̀tí? Àwẹ̀ró ò ní í gbà." Wọ́n gbé aṣọ náà símú, ó pẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá fi nu iná náà títí tí oòrùn fi fọwọ́ bojú.

"Ẹ jókòó sẹ́yìn mi, bàbá, ká jọ lọ."

"Ta ni yóò bá mi fọ ìwọ̀nyí?"

Bí Gbádébọ̀ ṣe ń lọ, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sórí igbá omi, wọ́n ń fọ àdìrẹ. Epo ò jáde.

Nígbà tí Gbádébọ̀ dé ọ̀hún, bàbá Ìbíyẹmí wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, "Ọmọ yìí láṣọ bí àgbà!" Gbádébọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n n kò lè ní àkísà bí àgbà." Wọ́n fún un níyàwó.

Bí ọmọdé bá ń fi ohun tó ní ṣe fáàrí lójú ẹni tó ti pẹ́ láyé, ìgbà náà ni àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún un. Ẹ̀rín ni ọmọdé máa ń fi gbà á. Kò mọ̀ pé kí àkísà tó pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, ó ti sin ọ̀pọ̀ àwọn tó ni aṣọ.