Agbọ̀n Láwóyin

Ẹfúnwùmí ti rí ọ̀dá rí kó tó di arúgbó, ṣùgbọ́n èyí tó jó ìlú Ìrókòméjì lọ́dún tí à ń wí yìí kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ohun tó kù nínú àká òun àti Ọdẹ́wálé, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, kò ju òkìtì èbù iṣu kan lọ. Ebi ń pa wọ́n, èbù ń wò wọ́n lójú, wọn kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Gbágùúdá ni wọ́n ń sè jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹni tó bá jẹ èbù rẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ, òjò sì ti ń ṣú bọ̀.

Nígbà tí Ẹfúnwùmí ṣì lágbára, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọge ìlú ní ẹkún ìyàwó. Bí ọmọ kan bá fẹ́ relé ọkọ, òun ni yóò sọ ibi tí yóò ti fa ohùn, ibi tí yóò ti dákẹ́ díẹ̀, àti ibi tí yóò ti pe ìyá rẹ̀ ní àpètúnpè tí ìyá yóò fi bú sẹ́kún. Ẹkún ìyàwó kì í ṣe irọ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n Ẹfúnwùmí mọ̀ pé omijé ní ọ̀nà tí à ń gbà pè é, bí a bá sì pè é dáadáa, yóò jẹ́.

Báyìí ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Láwóyin ṣe wọ̀lú, ó gbé agbọ̀n ńlá kan sórí, ó fi aṣọ àlà bò ó mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Ó ní èbù ni òun ń tà, láti ìlú kan lẹ́yìn odò. Àṣà Ìrókòméjì sì ni pé ẹni tó bá ń ta ohun ọ̀gbìn gbọ́dọ̀ fi agbọ̀n gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ wá síwájú Baálẹ̀. Baálẹ̀ rí agbọ̀n, ó ní kí wọ́n pe ìlú jọ.

Láwóyin wo ojú wọn yíká, ó mí kanlẹ̀.

“Ẹ̀yin ọmọ Ìrókòméjì, ọmọ afiṣu-ṣàlejò, ta ló kọ́ gbogbo àgbègbè yìí ní ebè kíkọ? Ṣé kì í ṣe bàbá yín ni? Òjò kọ̀, ẹ kò kọ oko. Oòrùn jó, ẹ kò kọ oko. Ebi dé, ẹ kò kọ oko. Ṣé irú yín ló yẹ kó máa fi gbágùúdá sùn?”

“Rárá o!” ni ìlú dáhùn.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó fọwọ́ kan agbọ̀n náà jẹ́jẹ́. “Ohun tó wà nínú èyí, ọ̀dá kò lè pa á. Ẹ kó èbù yín fún mi kí n lọ fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ń lọ, agbọ̀n yìí ni n ó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Baálẹ̀ bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i títí n ó fi dé. Bí ìyàwó tuntun ni èbù yìí, ojú àjèjì kì í tètè tó o.”

Inú ìlú dùn dẹ́yìn. Ọdẹ́wálé ń nu ojú. Ẹfúnwùmí náà fọwọ́ kan ojú ara rẹ̀, ó bá omi níbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni ara fu ú.

“Háà! Ta ló pe omi yìí?” ló wí sínú.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó padà. Ọkùnrin yìí sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní àsọtúnsọ títí ó fi di orin lẹ́nu wọn. Ó bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò ní ju ìdáhùn kan lọ. Ó fi bàbá wọn yìn wọ́n kó tó tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ìgbà tó sì kan ọ̀rọ̀ agbọ̀n ló tó rẹ ohùn sílẹ̀. Ohun tí òun fi ń kọ́ ọmọge gan-an nìyí! Ọmọge tòun ń relé ọkọ lóòótọ́. Ibo ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ń lọ?

Ní Ìrókòméjì, àlejò kì í gbé ẹrù ara rẹ̀. Ìtìjú onílé ni. Nítorí náà, nígbà tí ìpàdé tú, Ẹfúnwùmí sún mọ́ ọn, ó ní, “Ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ọ gbé agbọ̀n yẹn dé ilé tí o wọ̀ sí.”

Láwóyin dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. “Ìyá mi, ṣé ìyá ni í máa ru ẹrù fọ́mọ? Ẹ má sọ mí di ẹni ègún.”

Àwọn tó gbọ́ ọ ń kan sáárá sí i. Lọ́jọ́ kejì, Ọdẹ́wálé fẹ́ bá a gbé e. Omi lé róró sójú Láwóyin. Ó ní ẹrù tí bàbá òun gbé lé òun lórí lọ́jọ́ ikú ni, àti pé ẹni tó bá gbà á lọ́rí òun, bàbá òun ló gbà lọ. Ta ló fẹ́ gba bàbá ọlọ́mọ? Ọdẹ́wálé ṣe sùúrù, ó padà sílé.

“Ìyá, ọ̀la la ó kó èbù wa lọ,” ló wí.

“Kí ni ọkùnrin yẹn fi hàn ọ́?”

“Ó ní—”

“N kò bi ọ́ léèrè ohun tó ní. Kí ló fi hàn ọ́?”

“Agbọ̀n rẹ̀ kún, Ìyá.”

“Ta ló wò ó?”

Ọdẹ́wálé fajú ro. “Gbogbo ìlú ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìfura lé ire wa sẹ́yìn. Ọlọ́run ló rán an.”

Ẹfúnwùmí kò jà. Ó mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mọ́ ènìyàn létí tán, a kì í fi ariwo yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á gan-an. Bí èbù yẹn bá lọ tí kò padà, òjò yóò bá wọn lọ́wọ́ òfo, ọmọ rẹ̀ yóò sì di alágbàṣe lóko olóko.

Lọ́jọ́ kẹta, èbù gbogbo ìlú wà ní òkìtì-òkìtì níwájú ilé Baálẹ̀. Àwọn aláàárù tí Láwóyin kó wá ti dúró, wọ́n ń wo oòrùn. Láwóyin sọ̀rọ̀ ìdágbére tó mú àwọn àgbà ọkùnrin fa imú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ láti gbé agbọ̀n wọ ilé Baálẹ̀. Àfi bí Ẹfúnwùmí ṣe kúnlẹ̀ sáàárín agbo, ó mú òṣùká dání.

“Bàbá, ẹ̀bẹ̀ kékeré ni mo ní. Àlejò yìí wọ̀lú, a kò bá a gbẹ́rù. Ó bá wa jẹ, ó bá wa mu, a kò bá a gbẹ́rù. Òní ló ń lọ. Ẹ̀yin ọmọ afiṣu-ṣàlejò, ṣé níwájú Baálẹ̀ wa náà ni a kò ti ní í bá a gbẹ́rù? Kí ni wọn yóò máa pè wá lẹ́yìn odò?”

“Ó tì o!” ni ìlú hó yèè. “Ẹ bá a gbé e! Ẹ bá a gbé e!”

Láwóyin wo ìyá arúgbó náà. Ó dà bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rí i. Ó ya ẹnu, ó ní, “Bàbá mi tó kú—” ṣùgbọ́n ariwo ti bo bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹfúnwùmí gbé òṣùká lérí, ó gan ọrùn. “Ọdẹ́wálé, ìwọ àti ẹnì kan, ẹ wá gbé e rù mí.”

Ọdẹ́wálé àti ọkùnrin kan tó sígbọnlẹ̀ di etí agbọ̀n mú, wọ́n fi gbogbo agbára wọn gbé e. Yéè! Agbọ̀n fò sókè fẹ̀rẹ̀, ó kọjá orí Ẹfúnwùmí, àwọn méjèèjì sì fìdí jálẹ̀. Aṣọ àlà ṣí. Koríko gbígbẹ dà sílẹ̀, igbá kan tó ti fọ́, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé kí àlà lè ga, yí gbirigbiri lọ sẹ́sẹ̀ Baálẹ̀.

Àwọn aláàárù ti ń yọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Láwóyin dúró ṣinṣin, ó mí kanlẹ̀. “Ẹ̀yin ọmọ Ìrókòméjì, ọmọ afiṣu-ṣàlejò…”

Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ó tún un pè. Ìgbà tó rí i pé Baálẹ̀ ń dìde, ó sá bọ́ sínú igbó, ó fi àlà rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdẹ́wálé jókòó sínú koríko níbẹ̀, ojú ń tì í. “Ìyá,” ló wí, “gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ látọjọ́ yìí ńkọ́?”

“Inú agbọ̀n ló wà, ọmọ mi. Bí o bá rí i níbẹ̀, kó o sílé ká lọ gbìn ín.”

Ó gbé èbù tirẹ̀ ka orí òṣùká, ó sì kọjú sí ọ̀nà oko. Ọdẹ́wálé dìde, ó tẹ̀ lé e, òjò àkọ́rọ̀ sì bá wọn lórí ebè. Láti ìgbà náà ni ará Ìrókòméjì ti máa ń gbé agbọ̀n òfo sáàárín agbo bí ẹlẹ́nu dídùn bá dé bá wọn. Ìdí sì nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n.