Idà Tó Sán Nínú Omi

Mákindé, jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Jàpáànù láyé àtijọ́ tó jẹ́ jagunjagun, tó sì tún jẹ́ alágbẹ̀dẹ. Sàmúráì ni wọ́n ń pe irú àwọn jagunjagun bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í fọwọ́ kan ẹmú tí alágbẹ̀dẹ fi ń di irin gbígbóná mú. Òun ní tirẹ̀ a máa rọ idà, a sì máa gbé e lọ sójú ogun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ogun ń bọ̀, ìjòyè tó ń sìn sì ní kó rọ idà kan wá. Ó lu irin, ó ká a lé ara rẹ̀, ó tún lù ú títí ó fi gbọ́ràn. Ó fi amọ̀ kùn ún, ó tì í bọ iná. Nígbà tó pọ́n dáadáa, ó rì í sínú omi. Bí irin bá sán nínú omi yẹn, a máa dún tín, bí ìgbà tí èékánná kan etí tánganran. Ẹni tó di ẹmú mú nìkan ló ń gbọ́ ọ.

Ó gbọ́ ọ.

Ó yẹ idà náà wò títí, kò rí nǹkan kan, nítorí inú irin ló wà. Ó ní bóyá omi ló hó. Ìjòyè ń ránṣẹ́, orúkọ tirẹ̀ náà sì ti tóbi ju kí wọ́n gbọ́ pé irin sán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó dán an, ó fín orúkọ ara rẹ̀ sí i níbi tí èèkù máa ń bò, ó fi jíṣẹ́. Ìwà ìkà ni, mi ò ní pè é lórúkọ mìíràn.

Ìjòyè yìn ín. Ó wá fi idà náà ta àbúrò alágbẹ̀dẹ yìí lọ́rẹ, àbúrò kan ṣoṣo tí alágbẹ̀dẹ ní láyé, torí òun ni yóò ṣíwájú ogun.

Ẹ̀gbọ́n sáré lọ bá a nílé, ó ní, "Gba idà tèmi yìí, kí n mú tìrẹ."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ rọ ọ́ lẹ tún fẹ́ gbà á? Ẹ̀bùn ìjòyè nìyí o. Àbí nǹkan ń ṣe é ni?"

Mákindé, gbólóhùn kan péré ló kù fún un láti sọ. Ó wo ojú àbúrò rẹ̀, ó ní, "Rárá. Idà rere ni."

Bí ogun ṣe dé, tí idà náà kan ti ọ̀tá, ó ṣẹ́. Wọ́n pa àbúrò síbẹ̀, èèkù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dá alágbẹ̀dẹ lẹ́bi. Wọ́n ní idà ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣẹ́, pé ẹ̀rù ló ba àbúrò tó fi lò ó sódì. Wọ́n lé opó rẹ̀ kúrò nílé, wọ́n ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ ojo.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lanu. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìjòyè. "Inú omi ló ti sán. Mo gbọ́ ọ. Èmi ni mo pa á." Omijé bọ́ lójú ìjòyè. Ó ní, "Ẹ wo ọkùnrin! Ẹ̀gàn àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ gbé rù." Ẹ̀gbọ́n lọ sọ fún opó, opó ní kó má fi àánú purọ́ fún òun. Bó ṣe ń jẹ́wọ́ tó ni iyì rẹ̀ ń ga sí i. Ìjòyè ní kó rọ òmíràn wá. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Mákindé, alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. O ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. O mọ̀ pé tìrẹ àti ti ọmọbìnrin tí o fẹ́ gbé níyàwó kò bá ara mu, pé ọmọ tí ẹ bá bí lè jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde. Ó bi ọ́ léèrè, o ní kò sí nǹkan kan. O wá ń sọ fún mi pé kí ìgbéyàwó kọjá ná. Nígbà tí ọmọ bá ń ké ìrora egungun, ìyá rẹ yóò ti pe ìyàwó ní àjẹ́, wọn yóò ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Ìwọ yóò máa ké pé èmi ni, èmi ni, wọn yóò sì ní ọkọ rere ni ọ́.

Ó lè má fẹ́ ọ mọ́. Mi ò ní tàn ọ́. Lọ sọ fún un báyìí, nígbà tó ṣì lè gbà ọ́ gbọ́, kó sì bínú sí ọ.