Àjà Ìkòkò Ìbídùn

Àwọn obìnrin Òkè-Amọ̀ ló ń mọ ìkòkò fún gbogbo agbègbè wọn. Bí o bá rí àmù tí omi rẹ̀ tutù nini lẹ́yìn ilé ẹnikẹ́ni, má wulẹ̀ béèrè ibi tó ti wá. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní iná tirẹ̀ àti oníbàárà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wo ojú rẹ̀. Ìyá náà ni Àwẹ̀ró, olórí àwọn amọ̀kòkò, ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ lára amọ̀ bíi ti ìyá tó ń wẹ ọmọ tuntun.

Kì í ṣe ẹnu ló sọ ọ́ di olórí. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó ilé, abẹ́ òrùlé ni wọ́n máa ń to ìkòkò tútù sí nígbà òjò. Wọn kì í gbẹ dénú. Bí wọ́n bá ti rí iná, gbàù ni wọ́n ń bú. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ sọ pé òun kò ní mọ ìkòkò mọ́ nígbà òjò, pé ìgbà ọyẹ́ lòun yóò máa mọ ọ́n, tí òun yóò sì máa sá a sórí àpáta ẹ̀yìn ìlú. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ìgbà tí wọ́n rí i pé tirẹ̀ kò bú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gbé tiwọn náà lọ sórí àpáta. Nígbà tó wá di olórí, ó sọ ọ́ dòfin: ìkòkò tí kò bá rí oòrùn kò gbọdọ̀ rí iná.

Òfin yìí bọ́ wọn títí irun Àwẹ̀ró fi funfun. Àfi bí ojú ọjọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà ilé ara rẹ̀ mọ́. Ọyẹ́ tí í fẹ́ títí ètè á fi bó wá di ohun tó ń yọjú, tó ń sá padà. Lọ́dún kan, oòrùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí ìkòkò ń sán lórí àpáta kí ọ̀sán tó pọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò rọ̀ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn gangan, ó sì sọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn di ẹrẹ̀. Ògúnṣínà, alájàpá tó ń kó ìkòkò wọn lọ sí ọjà ọ̀nà jíjìn, sọ gbangba pé bí òun bá tún padà lọ́wọ́ òfo lẹ́ẹ̀kan sí i, òun yóò wá ìlú mìíràn lọ. Kò sí obìnrin tí kò mọ̀ pé bí Ògúnṣínà bá lọ, àwọn alájàpá yòókù yóò tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ìyá wọn yóò sì parun.

Àwẹ̀ró kò yẹsẹ̀. "Ojú ọjọ́ yóò padà sí bó ṣe wà," ló ń wí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, òun nìkan á jókòó, á máa wo sánmà, á máa wá ọyẹ́ tí kò dé.

Ìbídùn, ìyàwó ọmọ rẹ̀, kò dúró de sánmà. Ó kan àjà sókè iná nínú ilé ìdáná rẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń kó àgbàdo lé. Ó to ìkòkò tútù sórí rẹ̀, ó sì dá iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kí ooru àti èéfín lè máa wọ̀ wọ́n lára. Àwọn obìnrin rí nǹkan fi ṣẹ̀sín!

"Ẹ wá wò ó o, Ìbídùn ń yan ìkòkò bí ẹja!"

"Bó bá jinná tán, kó bu tèmi wá. Ẹ̀kọ mi ti wà nílẹ̀."

Ìbídùn bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń koná rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ̀sín kò ràn án, wọ́n gba ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró lọ. Wọ́n ní ṣé torí pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni ló ṣe ń wò ó níran kó máa tẹ òfin lójú? Ọ̀rọ̀ náà dun Àwẹ̀ró wọra. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó di ilé ìdáná Ìbídùn, gbogbo wọn sì rọ́ tẹ̀ lé e.

Ìbídùn kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Ìyá mi."

"Ọ̀sán kò dáa. Abẹ́ òrùlé tí mo ti yọ ìkòkò kúrò lo tún dá wọn padà sí?"

"Ẹ má bínú, Ìyá mi. Abẹ́ òrùlé ìgbà yẹn kò níná nísàlẹ̀, èyí níná. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìkòkò gbọ́dọ̀ gbẹ dénú. Ẹ kò kọ́ mi pé oòrùn nìkan ló lè mú un gbẹ."

"O tún ń dá mi lóhùn!" Àwẹ̀ró gbé ọ̀pá sókè láti wó àjà náà.

Ọ̀pá ṣì wà lókè nígbà tí nǹkan ta sórí òrùlé. Ó tún ta. Kí wọ́n tó wo ara wọn lójú, òjò ńlá ti dé, láàárín ọyẹ́. "Ìkòkò wa o!" Àwọn obìnrin tú jáde, wọ́n sáré gba ọ̀nà àpáta, gèlè ń já bọ́ lórí wọn. Àwẹ̀ró kò lè sáré mọ́. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ wó, omi kò kán sí i lára, ó sì mọ̀ pé àwọn àmù ńláńlá tóun mọ ń yọ́ bí iyọ̀ lórí àpáta. Ó sunkún, kò sì fi pamọ́.

Nígbà tó gbójú sókè, Ìbídùn ń gbé ìkòkò tirẹ̀ tó ti gbẹ kúrò lórí àjà, ó ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń wá àyè ni, Ìyá mi. Èyí tí mo bá rí gbà là nínú tiyín, ibo la fẹ́ gbé e sí?" Ó sì kó sínú òjò.

Díẹ̀ ló rí gbà là. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló tò wọ́n sórí àjà, òun náà ló sì ń koná wọn títí wọ́n fi gbẹ.

Lọ́jọ́ tí wọn yóò sun ìkòkò náà, gbogbo obìnrin Òkè-Amọ̀ ló yí iná ká. Àwẹ̀ró jókòó sórí àpótí, ó dẹtí sílẹ̀. Ó mọ ìró ìkòkò tó bá bú, òun ló ń gbọ́ láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Iná jó, ó jó, ó wálẹ̀. Kò sí gbàù kankan. Wọ́n tú eérú, ìkòkò pọ́n bí ẹyìn. Ìbídùn fi ìka kan ọ̀kan, ó dún gooro. Obìnrin tó fẹ́ fi ẹja jẹ ẹ̀kọ ló kọ́kọ́ hó yèè.

Ògúnṣínà dé, kò sì padà lọ́wọ́ òfo. Ẹrù rẹ̀ kò kún bíi tàtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n ó ní òun ń padà bọ̀, kí wọ́n ṣe púpọ̀ sí i. Kò pẹ́ tí kò fi sí agboolé tí kò kan àjà. Àwọn obìnrin wá pé jọ sílé ìdáná Ìbídùn, wọ́n ní kí Àwẹ̀ró ṣe òfin tuntun: ìkòkò tí kò bá rí èéfín kò gbọdọ̀ rí iná.

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ fẹ́ kí Ìbídùn náà gbé ọ̀pá sókè lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ ni? Nígbà tí mo gbé ìkòkò lọ sórí àpáta, wèrè lẹ pè mí. Wèrè náà dọgbọ́n. Mo di ọgbọ́n náà mú títí ó fi padà di wèrè mọ́ mi lọ́wọ́. Àjà yìí dáa lónìí, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ sánmà wò, ẹni tó bá sì tún mú ọgbọ́n tirẹ̀ dé lọ́la, ẹ má wó o." Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Gbà, fi koná."

Ìbídùn wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò ṣeré, ó sì ti ọ̀pá náà sábẹ́ àjà. Ọ̀pá jóná, ọ̀rọ̀ kò jóná. Òun ni àwọn àgbà ń pa lówe títí dòní, pé: ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì.