Teofil Gawron àti Iná Orí Òkè

Ní ọdún tí àwọn oníṣẹ́ ojú irin dé ẹsẹ̀ òkè, jìnnìjìnnì bo gbogbo ọmọ Pólàǹdì tó ń gbé ní Calder Point, ìlú kan létí adágún ńlá ní Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ hú itẹ́ òkú wọn tó wà lórí òkè náà, kí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin lè gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn tó sọdá òkun wá, tí wọ́n ń fi òógùn ojú yọ́ irin fún ẹlòmíràn, kò ní ilẹ̀ mìíràn tí wọ́n lè pè ní tiwọn ju ibi tí wọ́n sin èèyàn wọn sí. Bí wọ́n bá hú u, wọ́n tún di àlejò.

Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ní nínú ìgbìmọ̀ náà: Teofil ọmọ Gawron, ọmọ Pólàǹdì àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga kánsẹ́lọ̀ ní ìlú náà, a-bá-ni-ru-ẹrù-má-sọ̀, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kì í ga, tí kì í sì í yẹ̀. Òun alára kò ní òkú kankan lórí òkè. Abúlé kan lẹ́yìn òkun ni ìyá rẹ̀ sùn sí. Teofil ti wọ ọkọ̀ kí obìnrin náà tó kú. Kò fojú kan ibojì rẹ̀ rí.

Méyọ̀ Crandall, olórí ìgbìmọ̀ náà, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, mọ àṣà wọn. Ó mọ̀ pé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá, Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, kò sí ọmọ Pólàǹdì tí kì í lọ tan àbẹ́là sórí ibojì àwọn èèyàn rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ló fi ìdìbò lórí itẹ́ òkú náà sí, kí ẹnikẹ́ni má baà wá pariwo nílé ìpàdé.

Ni àdúgbò bá gbóná. “Ẹ jẹ́ ká fi àbẹ́là sílẹ̀ lọ́dún yìí,” ni Zygfryd alápatà wí, “ká lọ kún ilé ìpàdé wọn fọ́fọ́. Òkú á dárí jì wá.”

“Tìrẹ á dárí jì ọ́,” ni Màmá Pelagia, àgbà opó, dá a lóhùn. “Bàbá rẹ kì í bínú àfi tí ọtí bá tán. Ọkọ tèmi ò ní gbà!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú wọn. Gbogbo wọn yíjú sí Teofil.

“Ẹ̀yin ará mi, ẹ lọ sórí òkè,” ló wí. “Bí a bá tìtorí ìpàdé pa wọ́n tì, àwa fúnra wa la ti hú wọn. Èmi nìkan ni n ó lọ.”

“Ìwọ nìkan, láàrin àwọn ẹkùn wọ̀nyẹn?” ni Salomea ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Èmi ló yẹ. Kò sẹ́ni tó ń retí mi lókè.”

Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, Méyọ̀ wo àwọn àga tó ṣófo, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọ̀gbẹ́ni Gawron, àwọn èèyàn yín dà? Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà ò dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀.”

Teofil dìde. “Ẹ̀yin ọlọ́lá, n kò wá bẹ̀ yín. Ẹ kàn bá mi jáde, kí ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ dìbò lé lórí.”

Wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù, wọ́n tẹ̀lé e. Ilẹ̀ ń ṣú lọ. Òkè tí wọ́n ń pè ní ahoro ti di ìmọ́lẹ̀ láti ẹsẹ̀ dé orí, bí ẹni pé ìlú mìíràn wà níbẹ̀ tó tóbi ju tiwọn lọ. Orin àwọn obìnrin sì ń gba orí adágún bọ̀.

“Ẹ̀yin tí ìyá yín wà nínú ilẹ̀ yìí, ẹ lè rìn lọ bá a lọ́la,” ni Teofil wí. “Àwọn tó wà lókè yẹn ti fi ìyá tiwọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má mú kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.”

Kánsẹ́lọ̀ Thornley, àgbà tí kì í ta ko Méyọ̀, ṣí fìlà lórí. “Crandall,” ló ní, “wá ibòmíràn fún ojú irin rẹ.” Bí wọ́n ti padà wọlé dìbò, Méyọ̀ pàdánù.

Teofil gun òkè lọ sọ ìròyìn náà. Wọ́n dì mọ́ ọn, wọ́n sunkún, lẹ́yìn náà kálukú padà sídìí ibojì tirẹ̀. Òun nìkan ló dúró lójú ọ̀nà, kò níbi tí yóò kúnlẹ̀ sí. Màmá Pelagia rí i, ó fi àbẹ́là kan lé e lọ́wọ́.

“Ibo ni kí n gbé e sí, Màmá?”

“Ilẹ̀ kan náà ni, ọmọ mi. Gbé e sílẹ̀ kó o pè é.”

Ó gbé e sí ẹsẹ̀ àgbélébùú ńlá ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọn kò sin ẹnikẹ́ni sí, ó kọjú sí ìlà-oòrùn, ó pe ìyá rẹ̀ lórúkọ: “Apolonia!” Nígbà náà ni àwọn yòókù tí òbí wọn wà lẹ́yìn òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àbẹ́là wá, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Láti ìgbà náà, ìgbìmọ̀ Calder Point kì í jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́. Orí òkè yẹn ni Teofil pàápàá sùn sí báyìí. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tó tan iná sórí ibojì rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dúró lẹ́sẹ̀ àgbélébùú, wọ́n á kọjú sí ìlà-oòrùn, wọ́n á pe Apolonia, obìnrin tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ ọ̀nà abúlé rẹ̀.