Alásè Tó Ń Jẹun ní Òdìkejì Òpópónà

Ọkùnrin kan wà tí ó ń se ìgbín aláta tà. Ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ́ ọ bí a ti ń sè é. Nígbà tí obìnrin náà kú, àwọn ará àdúgbò rò pé ìsọ̀ náà yóò kógbá sílé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ọkùnrin náà tún dáná. Ó ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìgbín lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ti máa ń ṣe, ó sì ń dín ata títí epo yóò fi léfòó. Àwọn tó bá jẹ ẹ́ á ní, "Ọwọ́ Ìyá Ọmọ́wùmí ṣì wà nínú ọbẹ̀ yìí." Nítorí ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni ọkùnrin náà ṣe ń dáná. Lójoojúmọ́ ni ó ń gbọ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, bí ẹni pé obìnrin náà kàn yà sí ẹ̀yìnkùlé ni.

Ilé ọtí àtijọ́ kan wà ní òdìkejì òpópónà, tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Tọkọtaya kan gbà á, wọ́n sì tún un ṣe. Wọ́n wó ògiri àárín, wọ́n fi pákó dídán kan tábìlì, wọ́n gbé fáànù kọ́, wọ́n sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ oúnjẹ sára pátákó dúdú lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe ọtí nìkan ni wọ́n ń tà mọ́. Wọ́n ń yan ẹja, wọ́n sì ń se ìgbín pẹ̀lú. Ọkọ ni ó ń gba àlejò, ìyàwó wà nídìí iná. Bí ọkọ bá pè láti iwájú, ìyàwó á dáhùn láti ẹ̀yìn, wọn á sì jọ rẹ́rìn-ín.

Alásè náà ń gbọ́ ẹ̀rín yìí láti ìsọ̀ rẹ̀. Ó ń ta á lára bí ata ojú egbò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oúnjẹ wọn ni kò lè dára. Ó ní òun yóò lọ jẹ ẹ́, òun yóò mọ àbùkù rẹ̀, gbogbo àdúgbò yóò sì gbọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, ó sì sọdá. Ìyàwó tó ń dáná níbẹ̀ rí i, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Ọmọ́wùmí, ẹ káàbọ̀ o! A ti ń retí yín láti ọjọ́ tí a ti ṣílẹ̀kùn."

Ó ní kí wọ́n gbé ìgbín wá. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń fi eyín wá iyanrìn nínú rẹ̀, kò rí i. Ó rí ọkọ tó fi aṣọ ìnuwọ́ nu òógùn iwájú orí ìyàwó rẹ̀, oúnjẹ náà sì korò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Obìnrin náà tọ́ ọ wò, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, bàbá." Ní ọjọ́ kejì, iyọ̀ ti ṣe déédéé. Ó ní ìgbín le bí awọ bàtà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun bí a ti ń sè é tí yóò fi rọ̀. Ìgbéraga kò jẹ́ kó dákẹ́. Ó sọ ti omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó sọ ti ata, ó sọ ìgbà tó yẹ kí a dín iná kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó fi ń lọ báyìí. Kò mọ̀ pé àbùkù tí òun ń wá kiri ni òun ń fi ọwọ́ ara òun tún ṣe.

Ìkòkò tirẹ̀ ńkọ́? Ó ń sáré se ọbẹ̀ láàárọ̀, ó ń fọ ìgbín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ọ̀sán má baà bá a nídìí iná. Àwọn tó wá jẹun á bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọn á bi télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, télọ̀ á sì na ọwọ́ sí òdìkejì pé, "Ó ti lọ jẹun."

Ní ọjọ́ kan ó wọ ibẹ̀, ó sì bá káfíńtà kan tó ti ń jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá, tó jókòó ti àwo ìgbín.

"Káfíńtà, ìwọ náà? Ṣé ọbẹ̀ mi ló kan, àbí ọ̀dà ara ògiri lo wá jẹ?"

Káfíńtà nu ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ni mo tẹ̀lé wá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bá ilẹ̀kùn yín ní títì. Bí alásè bá ń sá fún ìkòkò ara rẹ̀, kí lèmi rí tí mo fi máa jókòó tì í?"

Ẹnìkan láti tábìlì kejì ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tọ́ tòní wò ká tó gbé e mì!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà fi ìgbín kan sẹ́nu, ó mi orí. Ó ní, "Ìyá Bọ́lárìnwá, ọwọ́ yín mà dára o."

Obìnrin tó ń dáná níbẹ̀ ni ó ń kí. Alásè náà dúró láàárín ilé. Omi ọsàn náà, ata náà, iná náà, ti ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ obìnrin mìíràn ni wọ́n ń pè lé e lórí. Kò sẹ́ni tó jí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi gbé e sọdá.

Ọ̀rẹ́ mi, o sọ fún mi pé láti ìgbà tí aya rẹ ti kú, o kì í lè kọjá níwájú ilé àbúrò rẹ láìbínú, nítorí pé o ń gbọ́ bí ìyàwó rẹ̀ ti ń pè é wá jẹun. O ní ariwo wọn ni o kò fẹ́. Èmi kò ní bá ọ wí pé o ń jowú. Ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n o ti wò ó pẹ́ jù. Àwọn ọmọ rẹ ti ń lọ jẹun nílé àbúrò rẹ, àbíkẹ́yìn rẹ sì ti ń pe ìyàwó àbúrò rẹ ní màmá. O bínú sí obìnrin náà. Ìgbà wo ni o jókòó ti ọmọ yẹn gbẹ̀yìn, tí o sọ fún un irú ẹni tí ìyá tó bí i jẹ́? Dìde, máa lọ sílé. Ọmọ náà kò mọ ìyá rẹ̀. Ìwọ ni o mọ̀ ọ́n.