Ọgbọ́n Láyọnu

Àwọn ará Agbóòdò ní òwe kan tí àlejò kì í lè tú. Wọ́n á ní, "Ọgbọ́n Láyọnu kò gbéni sọdá odò." Ta ni Láyọnu? Ta ló sì ń fi ọgbọ́n sọdá odò, nígbà tí ẹsẹ̀ méjì wà lára?

Ilé ìgbẹ̀bí ló wà ní òdìkejì odò, afárá kò sì sí. Bí òjò bá ti mú odò kún, ọwọ́ Ọlọ́run ni wọ́n ń fi aboyún Agbóòdò lé. Ìlú pinnu láti kọ́ afárá, ṣùgbọ́n ta ni yóò ru òkúta? Ìyá Mopélọ́lá, arúgbó tí àlọ́ kún ikùn rẹ̀, ló dá a lọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, yóò pa àlọ́ kan fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹni tó bá já a, ìlú á pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tí kò bá já a, á ru agbọ̀n òkúta kan wá sí etídò kó tó tún dán an wò. Àwọn èèyàn ń kùnà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ru òkúta. Láàárín oṣù kan, òkìtì náà ga dé ìbàdí.

Láyọnu wá dé. Ó gbọ́n lóòótọ́, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àìsàn tó ń ṣe é ni pé kò lè gbọ́n kó dákẹ́. Bó bá ti gbọ́ àlọ́ ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ọjà ló ń jókòó sí, tó ń sọ ìdáhùn rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, kí wọ́n lè máa kí i ní ọ̀mọ̀ràn. Kò pẹ́, àwọn tí kò já àlọ́ rí láyé wọn ń dáhùn kí Ìyá Mopélọ́lá tó panu dé. Wọ́n ń gba àtẹ́wọ́, ojú kò tì wọ́n. Òkúta kò wá mọ́.

Ìyá pè é. "Láyọnu, òkúta la ń wá. Ta ló ń wá ìdáhùn lọ́wọ́ ẹ?"

"Ìyá, mo ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí ọrùn wọn sinmi ni?"

"Afárá ńkọ́?"

"Afárá á dé lọ́jọ́ tó bá máa dé."

Òjò ló kọ́kọ́ dé. Odò ti kún dé bèbè lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró, ìyàwó Láyọnu, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Wọ́n gbé e dé ẹ̀gbẹ́ òkìtì òkúta tí koríko ti bò. Láyọnu ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá nǹkan ṣe. Gbogbo àwọn tó ti fún ní ìdáhùn ló dúró síbẹ̀, kò sí èyí tó ní ọ̀kan fún un.

Ìyá Mopélọ́lá ti kúnlẹ̀ ti Àwẹ̀ró. Kò gbójú sókè. "Láyọnu, kí ló ń sọdá odò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tutù?"

Ẹnu rẹ̀ kò lè dúró, lọ́jọ́ náà pàápàá. "Òjìji ni, Ìyá."

"O já a. Ní kí òjìji ẹ gbé ìyàwó ẹ sọdá."

Inú ẹrẹ̀ ni Àwẹ̀ró bí sí, ọpẹ́ ni pé ìyá àtọmọ ò kú. Láyọnu ti wá orúkọ ńlá kan sílẹ̀ fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró kọ̀ ọ́. Ó ní Abíọ́nà lòun ó máa pe ọmọ òun, kí bàbá rẹ̀ lè máa gbọ́ ọ. Ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ, Láyọnu gbé agbọ̀n, ó ru òkúta lọ sí etídò. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi ìmọ̀ rẹ̀ ba iṣẹ́ àánú jẹ́, tó tún ń pè é ní ìrànwọ́, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ sọ fún un pé ọgbọ́n Láyọnu kò gbéni sọdá odò.